Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Òsì

Ẹni tó bá fẹ́ wá ìjà Bọ̀dá Máńúà, kò nílò kó bú ìyá rẹ̀. Kó ṣáà ti gbé kámẹ́rà dání, kó yí bọ́tìnì róbótó orí rẹ̀ síbi tí wọ́n ya òdòdó sí, ó parí. Iṣan ọrùn ọkùnrin náà á le, á dìde lórí àga, á sì bi onítọ̀hún bóyá ojú tí Ọlọ́run fi jíǹkí rẹ̀ ti daṣẹ́ sílẹ̀ ni.

Fíríìjì ló ń tún ṣe láti Mọ́ńdè dé Sátidé. Ọjọ́ Súńdè nìkan ló ń jọba. Ní yàrá òkè ilé ìkàwé, tí àga ibẹ̀ kò ju mẹ́wàá lọ, àwọn mẹ́jọ tó ń fi fọ́tò yíyà ṣe fàájì máa ń pàdé ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, òun sì ni ọ̀gá wọn. Kò sẹ́ni tó dìbò fún un. Òun ló kọ́kọ́ dé, òun ni ohùn rẹ̀ ròkè jù, ìyẹn náà sì tó.

Gbogbo ohun tó gbà gbọ́ kò ju ẹyọ lẹ́tà kan lọ. Kámẹ́rà ayé òde òní máa ń ní àwọn àwòrán kéékèèké yí ká bọ́tìnì orí rẹ̀: òkè fún ẹni tó fẹ́ ya pápá gbalasa, òdòdó fún ohun tó wà nítòsí, ẹni tó ń sáré fún ohun tí kì í dúró sójú kan, orí obìnrin fún ẹni tó fẹ́ ya ojú èèyàn. Ẹni tó bá yí i síbẹ̀, kámẹ́rà ló máa bá a ro ìyókù. Lẹ́tà M, ìyẹn máńúà, náà sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe gbogbo rẹ̀, bí ojú kámẹ́rà ṣe máa là tó, àti bó ṣe máa pẹ́ tó kó tó padé. "M nìkan ni fọ́tò," ni Bọ̀dá máa ń wí. "Àwọn tó kù yẹn, ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń fi ṣíbí bọ́."

Ó wá ṣe òfin. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, Bọ̀dá á gba kámẹ́rà rẹ̀, á yí bọ́tìnì sí M, á mú téèpù dúdú tí wọ́n fi ń wé wáyà fíríìjì, á wé e mọ́ ọn pinpin, á sì fi bírò funfun kọ ọjọ́ tó wé e sórí rẹ̀. Ọdún kan gbáko ni. Ẹni tó bá já téèpù kọ́dún tó pé, àga ẹnu ọ̀nà ló máa jókòó lé fún oṣù kan, kò sì gbọ́dọ̀ dá sí ọ̀rọ̀. Bẹ́ẹ̀ làwọn àgbàlagbà tó ti bímọ, tí wọ́n ń san owó ilé, gbà kí atúnfíríìjìṣe máa fi téèpù di ọwọ́ wọn. Ẹ máa wò ó.

Lọ́sẹ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Sátidé tó ń bọ̀ ni ẹgbẹ́ máa ṣe àfihàn fọ́tò ní gbọ̀ngàn ìsàlẹ̀, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa fún wọn láyè bẹ́ẹ̀. Fọ́tò kan ṣoṣo ló máa wà láàárín ògiri ńlá, níbi tí ojú ẹni tó bá wọlé máa kọ́kọ́ bà lé. Bọ̀dá fẹ́ àyè yẹn ju bó ṣe fẹ́ oúnjẹ lọ. Kò tilẹ̀ béèrè èrò ẹnikẹ́ni. Ó gbé fọ́tò kan wọlé tó tóbi tó ilẹ̀kùn fíríìjì, ó yọ bébà tó fi bò ó, ó gbé e ti ògiri, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì di ìbàdí mú.

Ìyá rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bá wọn láti ẹ̀gbẹ́, ó bà lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì, gbogbo ibi tó kù sì ṣókùnkùn. Lára ẹ̀rẹ̀kẹ́ náà ni àpá wà, onígun mẹ́ta, láti ìsàlẹ̀ etí dé ẹ̀gbẹ́ àgbọ̀n, ó ràn, ó wú, gbogbo ìlà rẹ̀ hàn kedere débi pé èèyàn lè fojú kà á. Àpá áyọ́ọ̀nù ni. Bọ̀dá jẹ́ ọmọ ọdún méjì nígbà tó fa wáyà áyọ́ọ̀nù gbígbóná lórí tábìlì, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ bò ó, áyọ́ọ̀nù tó yẹ kó já lù ú ló já lu ojú wọn. Ìtàn yẹn ti di ohun ìyangàn fún un. Ó ti sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti sọ ọ́ fún oníbàárà tí fíríìjì rẹ̀ kò tíì ṣiṣẹ́. Bó bá sọ ọ́ tán, ojú rẹ̀ á máa dán, á ní, "Ẹ rí bí ìyá ṣe fẹ́ràn mi tó."

"Wákàtí méjì ni mo fi yà á," ló sọ fún ẹgbẹ́. "Mo dúró de ìmọ́lẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n, mo tún un wọ̀n. Bọ́tìnì orí obìnrin ò lè ṣe é láéláé."

Kò sọ fún wọn pé láàárín wákàtí méjì náà, ó tó ìgbà mẹ́fà tí Màmá gbé ọwọ́ òsì ti ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí òun ń sọ pé, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọwọ́ kalẹ̀." Kò kà á sí nǹkan kan. Àtikékeré ló ti mọ̀ wọ́n mọ́ ọn, kí wọ́n máa fi àtẹ́lẹwọ́ gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn.

Àwọn ará ẹgbẹ́ pàtẹ́wọ́. Tíṣà, bàbá àgbàlagbà tó ń kọ́ni ní ìṣirò kó tó fẹ̀yìn tì, bẹ̀rẹ̀ síwájú fọ́tò, ó ní, "Ìmọ́lẹ̀ rèé o! Ọwọ́ ẹ kì í ṣe ọwọ́ ọmọdé." Inú Bọ̀dá dùn ṣìnkìn.

Ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ obìnrin ti dìde. Oṣù márùn-ún péré ló tíì lò nínú ẹgbẹ́. Bọ́ọ̀sì ọmọ iléèwé ló ń wà, Àǹtí Awakọ̀ sì ni gbogbo wọn ń pè é. Kò rẹ́rìn-ín.

"Fọ́tò yẹn ò ní gun ògiri," ló wí.

Bọ̀dá rò pé òun ò gbọ́ dáadáa. "Kí lo wí?"

"Mo ní kò ní gun ògiri. Èyí ló máa gun ún." Ó fa àpòòwé kan yọ, ó sì mú fọ́tò tí kò ju ojú ìwé kan lọ jáde nínú ẹ̀.

Màmá náà ni. Wọ́n jókòó síwájú ilé wọn, ojú wọn kọ sí kámẹ́rà gbọnrangandan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ wọn méjèèjì wà lórí itan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì wọn sì ń dán bí ti ọ̀tún, kò sí àpá, kò sí ìlà.

Bọ̀dá gba kámẹ́rà àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yí i wò. Téèpù kò sí níbẹ̀ mọ́.

"Ta ló já a?"

"Èmi ni."

"Ibo lo yí i sí?"

"Orí obìnrin."

"Ẹ gbọ́ o!" Ó gbé kámẹ́rà náà sókè. "Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé ibẹ̀ yẹn máa ń fi ọṣẹ fọ ojú èèyàn, á nu gbogbo ohun tó bá rí nù, ìlà o, àpá o. Ẹ̀rọ ti jí ojú ìyá mi, ọmọ bíbí inú wọn ló sì bá a gbé e. Èèyàn tó ń wa bọ́ọ̀sì, kò lè fọwọ́ yí kámẹ́rà. Ọ̀lẹ! Oníbọ́tìnì lásánlàsàn!"

"Bọ̀dá, ọ̀nà kan ò wọjà."

"Tìẹ, ẹlòmíì ló ń bá ẹ rìn ín!"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Obìnrin náà dúró títí ẹ̀rín fi tán. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tún fíríìjì ṣe," ló wí jẹ́jẹ́, "ṣé ẹ máa ń sọ fún oníbàárà kó dúró tì í lóru, kó máa fọwọ́ tan mọ́tò ẹ̀ tó bá gbóná, kó máa pa á tó bá tutù? Ṣe bí nǹkan kékeré kan wà nínú ẹ̀ tó ń bá a rò ó. Ẹ ò pe ìyẹn lọ́lẹ. Tó bá bà jẹ́, ẹ̀yin lẹ ń pààrọ̀ ẹ̀."

Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ ń mì. Nígbà tí gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín, ó dun Bọ̀dá wọ egungun. Ó nawọ́ sí àga ẹnu ọ̀nà. "Lọ jókòó síbẹ̀. Oṣù kan. Mi ò gbọ́dọ̀ gbọ́ ohùn ẹ."

"Ẹ̀bá ilẹ̀kùn ni mo ń jókòó sí láàárọ̀ lálẹ́ nínú bọ́ọ̀sì, Bọ̀dá. Ìyẹn ò dùn mí." Ó kó àpòòwé rẹ̀ sábẹ́ apá. "Ìdí kan wà tí mo fi yà á bẹ́ẹ̀, mo sì ti ṣèlérí pé ẹnu mi ò ní sọ ọ́. Ẹ lọ bi Màmá. Èyí tí wọ́n bá ní kó gun ògiri, òun ni kó gùn ún."

"Kí n lọ bi wọ́n?" Bọ̀dá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dé ojú. "Màmá tó fi ojú ara wọn ra ẹ̀mí mi! Dìde, ká jọ lọ. Mo fẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lójú ẹ, kó o tó bọ́ sí gbangba kó o wá máa purọ́ mọ́ wọn."

Ọ̀rọ̀ wá di ká lọ. Ó di fọ́tò ńlá sẹ́yìn ọkọ̀ tó fi ń kó fíríìjì, àbúrò rẹ̀ tẹ̀lé e pẹ̀lú bọ́ọ̀sì òfìfo. Jálẹ̀ ọ̀nà ló ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀, tó ń fi àtẹ́lẹwọ́ gbá sítíárì. Ó ti mọ ohun tí Màmá máa sọ. Ó ti ń gbọ́ bí wọ́n á ṣe bá Oníbọ́tìnì wí, tí wọ́n á ní kó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Yàrá méjì ni Màmá ń gbé, ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta. Ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi lọ aṣọ àlejò ní ẹ̀yìn òtẹ́ẹ̀lì kan kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, títí di bá a ti ń wí yìí, kò sí aṣọ kan nílé wọn tó rún. Aṣọ fèrèsé gan-an, ó le bí ìwé. Wọ́n jókòó sórí àga wọn, ẹ̀gbẹ́ òsì sí ògiri, bí wọ́n ṣe máa ń jókòó láti ìgbà tí Bọ̀dá ti gbọ́njú.

Bọ̀dá gbé fọ́tò ńlá ti ògiri iwájú wọn. Ó ju ti àbúrò rẹ̀ sórí tábìlì bí ẹni tó ń da ìwé rọ́bìṣì nù. "Màmá, Sátidé la fẹ́ gbé ọ̀kan kọ́ ní gbọ̀ngàn ilé ìkàwé, káwọn èèyàn wá wò ó. Ọmọ yín yìí ní kì í ṣe ojú yín òótọ́ la máa gbé kọ́, ó ní ọmọlangidi tí ẹ̀rọ ṣe ni. Ẹ dákun, ẹ sọ fún un."

Màmá ń wo fọ́tò ńlá náà. Àtẹ́lẹwọ́ òsì wọn sì gòkè wá fúnra rẹ̀, ó gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Èèyàn mélòó ló ti rí èyí?" ni wọ́n béèrè.

"Gbogbo ẹgbẹ́, Màmá! Wọ́n pàtẹ́wọ́."

"O ò bi mí."

"Màmá, mo fẹ́ fi yà yín lẹ́nu ni."

"Ó yà mí lẹ́nu." Wọ́n ṣì ń wò ó. "Kí lo rí níbẹ̀ tó o fi gbé e tóbi tó báyìí?"

"Ìfẹ́ ni, Màmá. Ohun tẹ́ ẹ ṣe fún mi."

"Fún ẹ." Màmá yíjú sí i, wọ́n wò ó lójú. "Ṣó o gbọ́ ara ẹ? Bó o bá ń sọ ìtàn yẹn, ìwọ ni àánú ẹ ń ṣe wọ́n, ìwọ ni wọ́n ń bá yọ̀. Èmi ni mo ń wọ bọ́ọ̀sì tí ọmọ ọlọ́mọ á máa sunkún pé kí ìyá òun gbé òun kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Kí ni mò ń ṣe ní òtẹ́ẹ̀lì?"

"Ẹ̀ ń lọ aṣọ, Màmá."

"Kó tó di ìyẹn ńkọ́?"

Bọ̀dá ò mọ̀ pé nǹkan kan wà kó tó di ìyẹn.

"Iwájú ni mo wà," ni Màmá wí. "Èmi ni mò ń kí àlejò, èmi ni mò ń fún wọn ní kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó bá wọlé, èmi ló kọ́kọ́ ń rí. Yúnífọ́ọ̀mù tí mo fi ń jókòó níwájú yẹn ni mò ń lọ̀ lọ́jọ́ tó o fa wáyà. Nígbà tí mo padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó ní iṣẹ́ wà lẹ́yìn, níbi tí àlejò kì í dé. Ogójì ọdún rèé tí mo ti wà lẹ́yìn. Ìwọ wá lọ wá ibi gbangba tó gbangba jù, o fẹ́ fi ìṣó kàn mí mọ́bẹ̀."

"Màmá, ọmọ ọdún méjì ni mí nígbà yẹn."

"Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá ẹ jà. O ti di ọmọ ọdún méjìlélógójì báyìí, o sì tún fà mí lọ sídìí fèrèsé. Mo gbé ọwọ́ bò ó, o ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Mo tún gbé e, o ní kí n sọ ọ́ kalẹ̀. Ẹni tó ṣu ló ń gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé."

Àbúrò rẹ̀ dúró ní ẹnu ọ̀nà, ó ń wo ilẹ̀. Ká ní ó rẹ́rìn-ín ni, ì bá sàn fún Bọ̀dá, torí ì bá rí ẹni bá jà.

"Mi ò ní fọ́tò kankan tó ṣáájú àpá yìí," ni Màmá ń bá lọ. "Òjò ti bà wọ́n jẹ́. Mo ti gbàgbé bí mo ṣe rí. Àbúrò ẹ wá bi mí, ó ní, 'Màmá, báwo lẹ ṣe fẹ́ kó rí?' Ogójì ọdún, ẹnikẹ́ni ò bi mí rí. Ìwọ, fèrèsé lò ń bi. Mo ní ṣé kò sí èyí tó lè mú un kúrò. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n pé Bọ̀dá ti fi téèpù dí i. Èmi ni mo ní kó já a. Èmi náà ni mo ní kó má sọ fún ẹ, torí mo rò pé ó máa dùn ẹ́."

Inú ń bí Bọ̀dá, kò sì mọ ibi tó máa gbé e sí. Ó mú fọ́tò kékeré lórí tábìlì. "Ṣùgbọ́n irọ́ ni, Màmá! Ẹ wò ó. Irọ́ ni fọ́tò yìí."

"Irọ́ ni," ni Màmá wí. "Òun ni mo fẹ́. Gbé òótọ́ ẹ dìde nílé mi, kó o gbé e lọ."

Ó gbé e lọ. Ó kọ ojú rẹ̀ sí ògiri nínú ṣọ́ọ̀bù, láàárín ògbólógbòó mọ́tò fíríìjì méjì. Láti Súńdè títí di Fúráídè, kò bá àbúrò rẹ̀ sọ̀rọ̀, kò sì gbé kámẹ́rà. Ó kàn ń jágbe mọ́ oníbàárà ni. Obìnrin kan ní kó rọra, Bọ̀dá ní kó gbé fíríìjì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bá ń rọra.

Nígbà tó di Sátidé, ó lọ. Kò lè ṣe kó má lọ. Fọ́tò kékeré ló wà láàárín ògiri ńlá, òfìfo yí i ká, torí fọ́tò ńlá Bọ̀dá ni wọ́n ti kan ìṣó sílẹ̀ fún tẹ́lẹ̀. Òfin ẹgbẹ́ ni pé káàdì gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ fọ́tò kọ̀ọ̀kan, tí nọ́ńbà tí ayàwòrán fọwọ́ ṣètò máa wà lórí rẹ̀. Bọ̀dá ló ṣòfin yẹn náà. Káàdì ti àárín ni kò ní nọ́ńbà kankan. Ohun tí àbúrò rẹ̀ kọ síbẹ̀ ni: *Orí obìnrin. Ẹni tí wọ́n yà ló yàn án.*

Bọ̀dá kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó wò yíká bóyá ẹnì kan máa ṣe yẹ̀yẹ́ rẹ̀, kó lè gbéjà kò ó. Kò sẹ́ni tó ń wo káàdì. Fọ́tò ni wọ́n ń wò.

Ní nǹkan bí aago mẹ́ta ni Màmá wọlé, wọ́n wọ búláòsì funfun tí ìlà áyọ́ọ̀nù rẹ̀ mú bí abẹ. Wọ́n lọ tààrà sí àárín ògiri. Ọkùnrin àlejò kan tó dúró níbẹ̀ wo fọ́tò, ó wo Màmá, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé àbúrò yín nìyí?"

"Èmi ni," ni Màmá wí. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín sókè, nínú gbọ̀ngàn, lójú gbogbo èèyàn, wọ́n sì yí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn méjèèjì sí ọkùnrin náà. "Iwájú òtẹ́ẹ̀lì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ nígbà yẹn. Ẹ káàbọ̀, sà."

Ọwọ́ òsì wọn wà nísàlẹ̀. Bọ̀dá dúró lẹ́yìn wọn, ó ń dúró dìgbà tó máa gòkè. Kò gòkè. Ó gbójú sókè, ó wo obìnrin inú fọ́tò fún ìgbà àkọ́kọ́ láìṣe pé ó ń wá àṣìṣe nínú rẹ̀, ó sì wá ibi tí òun wà lójú obìnrin náà. Kò sí níbẹ̀. Obìnrin yẹn kò tíì bí i.

Ó padà sẹ́nu ọ̀nà. Àga kan wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé. Ó jókòó sí i, kò sì dá sí ọ̀rọ̀.